Lẹ́tà sí àbúrò mi tó fẹ́ lọ kọ́ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ní ìtàn ilẹ̀ wọn

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, ọmọ ìyá mi,

O kú ìmúrasílẹ̀ o. Nígbà tí o pè mí lálẹ́ àná, mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ pé ẹ̀rù ń bà ọ́. O ní wọ́n ti fún ọ ní kíláàsì kọkànlá, ìtàn Amẹ́ríkà láti 1865 tí ogun abẹ́lé wọn parí títí di òde òní, àti pé iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ tí ó dúró dè ọ́ ni ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ, àwọn tó ṣí wọ ìlú, àti àwọn oníṣòwò ńlá. O ní kí n fi gbogbo nótì mi ránṣẹ́. Màá fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò sí nínú nótì, òun ni mo fi jókòó kọ ìwé yìí sí ọ, tí mo sì ń gbé e síta kí àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ wa tó wà ní ìdálẹ̀ lè bá ọ kà á.

Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo kọ́ iṣẹ́ yìí ní Pittsburgh, bí ìwé ṣe tò ó ni mo ṣe kọ́ ọ. Ọ̀sẹ̀ kan fún ẹ̀rọ àti ojú irin. Ọ̀sẹ̀ kejì fún àwọn oníṣòwò ńlá: Carnegie, Rockefeller àti Morgan. Ọ̀sẹ̀ kẹta fún àwọn tó ṣí wá, pẹ̀lú fọ́tò àwọn obìnrin tó fi aṣọ borí, tí wọ́n gbé ẹrù lọ́wọ́. Àwọn ọmọ náà yege ìdánwò. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, mo bi ọmọbìnrin kan pé ta ló ń ṣiṣẹ́ nínú ilé-iṣẹ́ irin Carnegie. Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Carnegie ni.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ọmọ náà gbọ́n, ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Èmi ni mo ya ohun tó jẹ́ ọ̀kan sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún un. Àwọn àgbà wa ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, ààrò mẹ́ta náà ni ọ̀rọ̀ yìí jókòó lé. Ẹ̀rọ ń wá ọwọ́ tí yóò máa bọ́ ọ. Ọwọ́ yẹn wá láti Slovakia, láti Ítálì, láti Ireland, láti Ṣáínà, láti oko òwú àwọn ènìyàn dúdú ní gúúsù. Ẹni tó ni ẹ̀rọ, tó ń san owó fún ọwọ́ yẹn, òun ló di olówó tí ìwé ń dárúkọ. Bí o bá yọ ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìkòkò yóò dojú dé. Ohun tí mo fẹ́ kí o dì mú nìyẹn: má kọ́ wọn ní mẹ́ta, kọ́ wọn ní ọ̀kan.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí ni pé mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìlú Dunfermline ní Scotland, nínú ilé ahunṣọ kan. William ni orúkọ rẹ̀. Òfì ni ó fi ń bọ́ ìdílé rẹ̀, ọwọ́ ló sì fi ń hun ún. Nígbà tó yá, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ní òfì ẹ̀rọ gba ọjà mọ́ ọn lọ́wọ́, iṣẹ́ kò wá mọ́. Ní 1848, òun, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọkùnrin wọn méjèèjì wọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n dó sí Allegheny, tó ti di apá kan Pittsburgh lónìí. Èyí àgbà nínú àwọn ọmọ náà kò tíì pé ọdún 13. Ó ríṣẹ́ nínú ilé-iṣẹ́ òwú, ó ń pààrọ̀ kẹ̀kẹ́ òwú láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, wọ́n sì ń san dọ́là kan àti 20 sẹ́ǹtì fún un lọ́sẹ̀. Mi ò kì í dárúkọ rẹ̀ fún àwọn ọmọ títí wọ́n á fi sọ pé ó ṣe wọ́n láàánú. Ìgbà náà ni mo máa ń kọ ọ́ sójú pátákó: Andrew Carnegie.

O mọ ìdí tí ìtàn ahunṣọ yẹn fi máa ń mú mi. O ṣì kéré nígbà tí Bàbá àgbà wà láyé ní Ìsẹ́yìn, bóyá o rántí ìró òfì rẹ̀, bóyá o ò rántí. Èmi rántí. Mo rántí ọdún tí òfì náà dákẹ́, nítorí aṣọ tí ẹ̀rọ hun ní òkèèrè pọ̀ lọ́jà, ó sì dínwó. Bàbá kò wọkọ̀ lọ síbì kankan. Ó jókòó síwájú ilé. Nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀ William Carnegie nínú kíláàsì, ojú Bàbá ni mo máa ń rí, àwọn ọmọ náà sì máa ń gbọ́ ọ nínú ohùn mi.

Láti ibẹ̀, gba Homestead lọ, ìlú kan nítòsí Pittsburgh, létí odò Monongahela. Má sáré níbí yìí. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo ń lò. Ní 1892, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé-iṣẹ́ irin Carnegie níbẹ̀ tó 3,800, ọ̀pọ̀ wọn ń lo wákàtí 12 lóòjọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìléru. Àdéhùn àárín ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ń parí lọ. Carnegie wà ní Scotland, ó ti fi ọ̀rọ̀ náà lé Henry Clay Frick, alákòóso ilé-iṣẹ́ rẹ̀, lọ́wọ́. Frick fẹ́ dín owó iṣẹ́ kù, kò sì fẹ́ rí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sójú mọ́. Ó mọ odi yí ilé-iṣẹ́ ká, ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ síta, ó sì háyà 300 ẹ̀ṣọ́ láti Pinkerton, ilé-iṣẹ́ aládàáni kan tó ń fi ẹ̀ṣọ́ ṣòwò. Òru ni wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ méjì lórí odò. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹfà oṣù Keje tó mọ́ tán, tọkùnrin tobìnrin tọmọdé ti ń dúró dè wọ́n létí omi. Ìbọn ń dún títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn tó kú níhà méjèèjì kò dín ní mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà gómìnà Pennsylvania kó 8,500 ọmọ ogun wá, ilé-iṣẹ́ gba òṣìṣẹ́ tuntun, nígbà tó fi di oṣù Kọkànlá ìyanṣẹ́lódì náà ti fọ́.

Jẹ́ kí wọ́n wo àwọn tó dúró létí odò yẹn dáadáa. Àwọn tó mọ iṣẹ́ jù, tí wọ́n wà nínú ẹgbẹ́, ọ̀pọ̀ wọn ló ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará Slovakia tó ń ṣe iṣẹ́ agbára kò sí nínú ẹgbẹ́ náà, síbẹ̀ wọ́n jáde, wọ́n sì bá wọn dúró. Nǹkan tí ìwé pín sí orí mẹ́ta wà pa pọ̀ létí omi ní àárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Bí o bá wá kí mi, màá mú ọ débẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá sílé láti 1986, ilé ìtajà àti sinimá ló wà níbẹ̀ báyìí, àfi òpó èéfín 12 tí wọ́n fi bíríkì mọ tó ṣì tò sí ìdúró. Mo máa ń ní kí àwọn ọmọ fọwọ́ kan bíríkì náà.

Ní 1901, Carnegie ta gbogbo rẹ̀ fún J. P. Morgan, ọ̀gá báńkì nì, ní 480 mílíọ̀nù dọ́là. U.S. Steel tí wọ́n fi dá sílẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí iye owó rẹ̀ kọjá bílíọ̀nù kan dọ́là. Ọdún yẹn náà ni rélùwéè láti Èkó wọ Ìbàdàn, bí ìwọ fúnra rẹ bá ń wá ohun tí o máa fi di ọdún náà mú lórí.

Rockefeller kò gbà mí lákòókò púpọ̀. Ó tó kí wọ́n mọ̀ pé Standard Oil, tó bẹ̀rẹ̀ ní Ohio ní 1870, fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo iṣẹ́ fífọ epo rọ̀bì ní Amẹ́ríkà mọ́wọ́ láàárín bí ọdún mẹ́wàá, àti pé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní kí wọ́n fọ́ ọ sí ilé-iṣẹ́ 34 ní 1911. Ṣùgbọ́n ìwọ yóò ní ọmọ Nàìjíríà nínú kíláàsì rẹ, mo mọ̀. Sọ fún wọn pé inú àfọ́kù yẹn ni Mobil àti Chevron ti jáde. Mobil tí àwọn òbí wọn mọ̀ nílé epo ní Èkó, ẹjọ́ yẹn ló bí i.

Àwọn tó ṣí wá ńkọ́? Erékùṣù Ellis ní New York, níbi tí wọ́n ti ń yẹ àwọn tó ṣí wá wò kí wọ́n tó wọ ìlú, ṣí ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní, 1892, ọdún Homestead gan-an. Kò sí ìwé tí mo rí tó kọ méjèèjì sójú ewé kan náà, nítorí náà ìwọ ni kí o kọ wọ́n sójú pátákó kan náà. Ó lé ní mílíọ̀nù 12 ènìyàn tó gba ibẹ̀ kọjá kí wọ́n tó tì í ní 1954. Àwọn ọmọ á sọ fún ọ pé àwọn òṣìṣẹ́ Ellis ló yí orúkọ bàbá ńlá àwọn padà. Fi sùúrù tún un ṣe: ìwé orúkọ tí ọkọ̀ òkun gbé wá ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ ló fúnra wọn yí orúkọ padà lẹ́yìn náà, kí wọ́n lè ríṣẹ́, kí wọ́n má baà máa fi ọmọ wọn ṣe yẹ̀yẹ́ níléèwé. Nígbà tí mo sọ èyí lọ́dún kan, ọmọ Yorùbá kan tó ń jẹ́ orúkọ òyìnbó nínú kíláàsì nawọ́ sókè, ó sọ orúkọ rẹ̀ gan-an fún gbogbo wa. Mi ò bi í. Òun ló fúnra rẹ̀ sọ ọ́.

Má fi mọ sí Ellis. Àwọn ará Ṣáínà tó gbẹ́ òkè Sierra Nevada kí ojú irin ìlà-oòrùn àti ti ìwọ̀-oòrùn lè pàdé ní Utah ní 1869, òfin ti ilẹ̀kùn mọ́ irú wọn ní 1882. Àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n dá sílẹ̀ lóko ẹrú ní 1865, ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n tún kó sẹ́wọ̀n nítorí ẹ̀sùn kékeré, tí wọ́n sì yá fún àwọn tó ni ihò èédú. Títí di 1928 ni Alabama fi ń ṣe é. Bí o bá kọ́ ọ̀rọ̀ irin láìkọ́ èyí, o ti yọ egungun nínú ẹran. Òfin 1924 wá sọ ọ̀nà di tóóró fún àwọn ará Ítálì, àwọn Júù àti àwọn ará ìlà-oòrùn Yúróòpù, òfin 1965 ló ṣí i fún irú wa. Ìyẹn ni kí wọ́n mọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń béèrè bí olùkọ́ wọn ṣe dé.

Ohun kan tí mo bẹ̀ ọ́ pé kí o fi ọ̀wọ̀ kọ́ ni iná ilé-iṣẹ́ Triangle ní New York, ọjọ́ 25 oṣù Kẹta, 1911. Ènìyàn 146 ló kú, ọmọbìnrin Júù àti ti Ítálì tó ń rán bùláòsì ni ọ̀pọ̀ wọn. Ilẹ̀kùn kan wà ní títì. Àkàsọ̀ àwọn panápaná kò kọjá àjà kẹfà, iná sì wà láti ìkẹjọ dé ìkẹwàá. Ilé ẹjọ́ dá àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Má ṣe fi fọ́tò òkú hàn wọ́n. Ka orúkọ àti ọjọ́ orí díẹ̀, kí o dákẹ́. Lẹ́yìn náà sọ fún wọn nípa Frances Perkins tó dúró lójú títì lọ́jọ́ náà tó ń wò ó, tó wá di mínísítà fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní 1933, obìnrin àkọ́kọ́ tó wọ ìgbìmọ̀ ààrẹ.

Ìwé rẹ máa ní kí àwọn ọmọ ṣe àríyànjiyàn: ṣé olè ni àwọn olówó yìí, àbí akọni? Yẹra fún un. Ìbéèrè yẹn tún ń dá wọn padà sọ́dọ̀ Carnegie nìkan. Òótọ́ ni pé owó rẹ̀ kọ́ ilé-ìkàwé tó lé ní 2,500 káàkiri ayé, èmi fúnra mi ń kàwé nínú ọ̀kan, mo sì ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kan bi mí pé, “Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ wákàtí 12, ìgbà wo ló fẹ́ kàwé?” Mo ní kí gbogbo kíláàsì kọ ìdáhùn sílẹ̀. Ìwé tí wọ́n kọ lọ́jọ́ náà dára ju gbogbo àríyànjiyàn tí mo ti ṣètò rí lọ. 1923 ni U.S. Steel tó fòpin sí iṣẹ́ wákàtí 12. Jẹ́ kí wọ́n ka iye ọdún tó wà láàárín rẹ̀ àti Homestead.

Nótì àti àwòrán á dé sórí í-meèlì rẹ kí ọjọ́ Ẹtì tó pé. Ohun kejì ń bọ̀ nípa ìfìwéránṣẹ́. Ọ̀kọ̀ Bàbá àgbà ni, èyí tó fi ń ju òwú gba àárín òfì, tí màmá wa fún mi nígbà tí mò ń kúrò nílé. Inú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi ní kíláàsì ló ti wà láti ọjọ́ yìí. Ọjọ́ tí o bá fẹ́ sọ̀rọ̀ William Carnegie ni kí o mú un jáde, kí o jẹ́ kó ti ọwọ́ ọmọ kan bọ́ sí ọwọ́ èkejì títí yóò fi yí kíláàsì ká. Igi rẹ̀ ti dán níbi tí àtàǹpàkò Bàbá máa ń gbà. Wọ́n á rí i fúnra wọn.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ.