Kí wọ́n ran àwa abilékọ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àwa abilékọ tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì l'Ákùúrẹ́ níbí ló ń dùn mí. Kílẹ̀ tó mọ́ a ti dáná, a ti wẹ̀ fọ́mọ, a ti wọ yúnífọ́ọ̀mù fún wọn, ká tún sáré wá ọ̀kadà lọ Alágbàká, tá a bá délé nírọ̀lẹ́ iṣẹ́ kíṣìnnì tún wà níbẹ̀, ọkọ náà ti ibi iṣẹ́ dé lóòótọ́ àmọ́ ìdí tẹlifíṣàn ló máa jókòó sí, bẹ́ẹ̀ a jọ ń san owó iléèwé ni o!

Èyí tó ká mi lára jù ni tàwọn ìyá ìkókó. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, abala 54, fún wọn ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìbímọ àti 6 lẹ́yìn ẹ̀, tí wọ́n bá sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fọ́mọ lọ́mú. Ọ̀pọ̀ ò mọ̀, ọ̀gá ò sì ní sọ fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé e sínú ìwé ìròyìn yín, kẹ́yin ọkọ náà sì máa gba ọmọ àti ìkòkò lọ́wọ́ wa.

Èmi ni,
Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Àkúrẹ́