Oyè Kò Gbọdọ̀ Gba Orúnkún Yín

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí mi ò rí oorun sùn dáadáa. Ọmọ kan nínú agbo ilé wa, tí gbogbo wa bá jó lọ́jọ́ tó jáde ní yunifásítì, ni wọ́n fi sí ipò ńlá kan. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ìyá àgbà tó pọ̀n ọ́n nígbà tí ara ìyá rẹ̀ kò yá ló tọ́jú aṣọ, tó lọ kí i kú oríire. Inú mọ́tò ni ọmọ yìí wà. Ó sọ gíláàsì sílẹ̀ díẹ̀, ó na ọwọ́ síta pé kí ìyá bọ òun lọ́wọ́. Kò sọ̀ kalẹ̀.

Ibi tí ọkàn mi lọ jìnnà. Mo wà ní Japan lọ́dún 1991, mò ń kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ. Lóṣù kẹfà, òkè ayọnáyèéfín tí wọ́n ń pè ní Unzen, nítòsí Shimabara, pa èèyàn 43. Àwọn tó sá kúrò nílé ń sùn sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn eré ìdárayá. Lóṣù keje, Ọba Akihito àti Olorì Michiko wá wò wọ́n. A wà nídìí oúnjẹ ọ̀sán nígbà tí tẹlifíṣọ̀n gbé e. Ọba ká apá ṣẹ́ẹ̀tì sókè, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ gbọ̀ngàn yẹn, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ lójúkojú. Olorì náà kúnlẹ̀. Àgbà òṣìṣẹ́ tó jókòó tì mí gbé igi tó fi ń jẹun kalẹ̀, kò sì gbé e mọ́ títí aago iṣẹ́ fi dún.

Ó nídìí. Hirohito, bàbá Akihito, ni wọ́n ń júbà bí òrìṣà. Ẹ̀yìn tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, ní 1946, ló tó kéde pé òun kì í ṣe òrìṣà. Ọmọ irú bàbá bẹ́ẹ̀ ló wà lórí orúnkún. Àwọn kan bínú, wọ́n ní ọba kì í rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kò gbọ́ tiwọn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ní Kobe nígbà tí ilẹ̀ mì ní 1995. Ní 2011 tí omi òkun ya wọ ìlú, ọ̀sẹ̀ méje léra wọn ni òun àti olorì fi ń lọ wo àwọn tí kò nílé mọ́. Ẹni ọdún 77!

Ẹ ó ní, àṣẹ wo ló ní? Kò ní! Ìwé òfin wọn ti 1947 sọ pé àmì orílẹ̀-èdè àti ti ìṣọ̀kan àwọn èèyàn ni ọba jẹ́, kò sì ní agbára kankan lórí ìjọba. Àwọn aṣòfin ló ń yan olórí ìjọba, ọba á kàn fi í jẹ. Kì í dìbò. Kò tilẹ̀ ní orúkọ ìdílé. Àmọ́ nígbà tí Akihito wà lórí ìtẹ́, ó máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ gbin ìrẹsì nínú oko kékeré tó wà láàfin. Naruhito ọmọ rẹ̀ tó wà lórí ìtẹ́ báyìí náà ń gbìn ín. Olorì ń sin kòkòrò tó ń ṣe sílíìkì, bí èyí tí a fi ń hun sányán nílé wa. Ní alẹ́ ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá, ọba á gbé ìrẹsì tuntun fún àwọn òrìṣà, òun náà á jẹ níbẹ̀, níbi tí kámẹ́rà kò dé. Níbi tí kámẹ́rà kò dé! Ẹ̀yin tí ẹ kì í fún alágbe ní náírà kan àfi bí fóònù bá wà lókè, ṣé ẹ gbọ́?

Ẹ kọ́ orúkọ àwọn tó ń gbálẹ̀ fún yín. Ọdún mẹ́rin ni mo fi jẹ́ ọ̀gá láìmọ orúkọ obìnrin tó ń nu tábìlì mi. Ọjọ́ tí wọ́n ní ó kú ni mo tó béèrè. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ má sì sọ fún mi pé ẹni tó bá tẹ̀ ba ni wọ́n ń gùn. Nígbà tí Akihito ṣì jẹ́ àrẹ̀mọ, ní 1975, wọ́n ju bọ́ǹbù epo sí i ní Okinawa, erékùṣù Japan kan níbi tí ogun yẹn ti pa èèyàn lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Kò sá padà sílé. Ó parí ìrìn àjò rẹ̀, ó sì ń padà lọ. Kó tó kúrò lórí ìtẹ́, ìgbà 11 ló ti dé ibẹ̀.

Ó kúrò ṣá o. Ní 2012 wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún un, kò pé oṣù kan tó fi jáde lọ síbi ìrántí àwọn tí omi gbé lọ. Ní 2016 ó sọ fún gbogbo ìlú pé agbára òun ń dín kù, ẹ̀rù sì ń ba òun pé òun lè má lè ṣe iṣẹ́ náà tọkàntara mọ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin 2019, ó fi ìtẹ́ sílẹ̀. Ó ti tó igba ọdún tí ọba kan ti ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn níbẹ̀. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ ṣì ń tẹ̀ ló ń mọ̀gbà tó yẹ kó dìde.

Ìwọ ọmọ tí mo ní mi ò ní dárúkọ, mo mọ̀ pé wàá ka èyí. Ìyá ṣì wà láyé. Ilẹ̀ ilé rẹ̀ kò ní kápẹ́ẹ̀tì, ẹní ló tẹ́. Ara rẹ̀ máa ń le díẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo ti sọ fún un pé o ń bọ̀.

Èmi ni, bàbá yín.