Ọwọ́ Ọ̀tún Ni Mo Yà

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.
Ọjọ́ Àìkú, ní ìrọ̀lẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù o. Báwo ni bàálé ilé, báwo sì ni Tiwa ọmọ wa? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp lálẹ́ àná, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ. O ní ọmọ ti sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun ò kọ́ iṣẹ́ apòògùn mọ́, pé àwòrán inú ìwé ni òun fẹ́ máa yà, àti pé láti ọjọ́ náà ni inú ilé kò ti rọgbọ. O wá ní kí n má fi nǹkan kan pa mọ́ fún ọ: kí ló wà nínú iṣẹ́ náà gan-an, ṣé èèyàn sì ń jẹun nídìí rẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà ju èyí tí a lè máa sọ lórí fóònù kí dátà tó tán lọ, ni mo bá jókòó láti kọ ọ́.

Ibi tó dùn mí jù ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ilé iṣẹ́ kan tó ń tẹ ìwé gbé ìwé ọmọdé kan wá fún mi pé kí n ya àwòrán inú rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ló lọ lo ọlidé lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà, ìdílé àyàn sì ni bàbá ti wá. Ojú ewé kan wà níbẹ̀ tí bàbá ti fún ọmọ ní kọ̀ǹgọ́ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo lò lórí ojú ewé yẹn nìkan. Mo lọ sí òde ìnáwó kan lẹ́yìn Mápó, mo dúró ti onílù kan, mi ò jó, mi ò jẹun. Mò ń wo bó ṣe há gángan sí abíyá òsì, bí apá yẹn ṣe ń fún ọsán, tí ọwọ́ ọ̀tún sì ń lo kọ̀ǹgọ́. Mo wo kọ̀ǹgọ́ náà dáadáa. Ó tẹ̀ kọdọrọ bí ọrùn lékeléke, orí rẹ̀ sì pẹlẹbẹ níbi tó ti ń kan awọ. Èékánná àtàǹpàkò onílù náà ti nípọn, ó sì ti dúdú. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbé wálé lójú mi. Mo ya ọmọ náà lórí ìkúnlẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nà, òsì wà lórí itan. Mi ò jẹ́ kó wo ojú bàbá. Kọ̀ǹgọ́ ni mo jẹ́ kó tẹjú mọ́.

Ìwé jáde, wọ́n fi ẹ̀dà mẹ́fà ránṣẹ́ sí mi. Ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún méje, ló kọ́kọ́ ṣí i. Nígbà tó dé ojú ewé yẹn, ó dúró, ó gbójú sókè. Ó ní, “Àǹtí, kí ló dé tó fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ bàbá àgbà?”

Àyà mi já. Ẹni tó to ojú ewé ti yí àwòrán mi padà bí ìgbà téèyàn bá wò ó nínú dígí, kí ojú àwọn tó wà nínú rẹ̀ lè kọ sí apá ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Títẹ bọ́tìnnì kan péré ni lórí kọ̀ǹpútà. Bàbá tó ń lù látìgbà ọmọdé wá di ọlọ́wọ́ òsì, ọmọ tí mo ya bí ọmọ tí wọ́n tọ́ tó yanjú wá di ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo yà, Àbẹ̀kẹ́. Mo pe olóòtú, ó ní kò séèyàn tó máa fura, pé ẹ̀dà 3,000 ti jáde. Ọmọ ọdún méje sì ti fura kí n tó fura!

Ohun tó wà nínú iṣẹ́ náà nìyẹn. Ọmọ tí kò tíì mọ A B D, àwòrán ló ń kà, ó sì gbà á gbọ́ ju ohun tí ìyá rẹ̀ ń kà sí i létí lọ. Tí mo bá ṣì í yà, mo ti ṣì í kọ́ ọ nìyẹn. Láti ìgbà náà, mo máa ń kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yí àwòrán mi padà. Mo sì tún ń ṣe nǹkan kan tí mi ò sọ fún wọn: mo máa ń fi lẹ́tà sí ara nǹkan kan nínú àwòrán, bóyá ara àpò ìrẹsì tàbí kàlẹ́ńdà ara ògiri. Ẹni tó bá yí i, lẹ́tà á dojú rú, òun náà á sì rí i.

Kíkà ni iṣẹ́ náà fi ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe yíyà. Tí ìtàn bá dé ọwọ́ mi, mo lè kà á fún ọjọ́ mẹ́ta kí n tó mú lẹ́ẹ̀dì. Mò ń wá ohun tí òǹkọ̀wé kò sọ. Ó kọ ọ́ pé “Ìyá Àdùkẹ́ di irun fún un,” ó parí, irun wo? Ṣé ṣùkú ni, àbí kòlẹ́sẹ̀, àbí ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀? Tó bá jẹ́ ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, láti ìpàkọ́ ni wọ́n ti ń dì í bọ̀ wá síwájú. Tó bá jẹ́ kòlẹ́sẹ̀, iwájú ni wọ́n ti ń mú un lọ sẹ́yìn. Mo ti ṣe àṣìṣe níbẹ̀ rí. Mo fi ṣùkú sí orí ọmọ kan lójú ewé 5, nígbà tó fi máa di ojú ewé 9 ó ti di kòlẹ́sẹ̀, ọjọ́ kan náà sì ni nínú ìtàn! Èmi fúnra mi ni mo rí i, mo tún mẹ́rin yà. Ní báyìí, kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìwé kan, mo máa ń kọ́kọ́ ya ẹni tí ìtàn dá lé sórí pépà kan lọ́tọ̀: iwájú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀, bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, bó ṣe ń sunkún. Mo máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níwájú mi títí ìwé á fi parí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo máa ń ya gbogbo ìwé náà kéékèèké bíi sìtáǹbù sórí pépà kan ṣoṣo. Ìwé ọmọdé tó kún fún àwòrán, ojú ewé 32 ló sábà máa ń jẹ́. Pépà ńlá ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Tí wọ́n bá ká a lẹ́ẹ̀mẹta, ojú ewé 16 ni, irú rẹ̀ méjì sì ni 32. Nínú rẹ̀ náà ni orúkọ ìwé àti ti atẹ̀wé máa wà, èyí tó kù ni ìtàn gbọ́dọ̀ gba. Ibi tí ọmọ á ti ṣí ewé kó tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀, inú sìtáǹbù yẹn ni mo ti ń wá a. Olóòtú á wò ó, á ní kí n sún èyí, kí n yọ tọ̀hún. Ìgbà náà ni mo tó máa ya èyí tó tóbi ní lẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n bá sì gbà á ni mo tó máa kun ọ̀dà.

Àwọn nǹkan kéékèèké míì wà tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi nílé ìwé. Ọ̀dà gbọ́dọ̀ kọjá etí ojú ewé ní mílímítà 3, torí ọ̀bẹ tó ń gé ìwé lè yà díẹ̀, kí funfun má baà yọ létí. Mi ò gbọ́dọ̀ fi ojú èèyàn sí àárín gbùngbùn níbi tí wọ́n ti rán ìwé, kí ibẹ̀ má baà gbé imú rẹ̀ mì. Ti àwọ̀ ló sì kọ́kọ́ pa mí lẹ́kún: ìmọ́lẹ̀ ni àwọ̀ tí à ń rí lójú kọ̀ǹpútà, íǹkì mẹ́rin péré ni wọ́n fi ń po ti ara ìwé. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ ya obìnrin tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, mo lọ wo wọn ní Abẹ́òkúta, mo rí bí wọ́n ṣe ń fi ìyẹ́ adìẹ tọ́ ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, ilà á sì lọ tín-ín-rín láìgbọ̀n. Mo yà á, aró mi jinlẹ̀, ó ń dán. Nígbà tí ìwé dé, aró ti di elésè àlùkò. Láti ìgbà náà ni mo ti máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tẹ ojú ewé kan fún mi wò ná.

Sọ fún bàálé rẹ pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ àìríṣẹ́ṣe. Akínọlá Láṣekàn, ọmọ Ọ̀wọ̀ tí wọ́n bí ní 1916, àwòrán ló fi bá àwọn amúnisìn jà nínú ìwé ìròyìn West African Pilot láti 1944. “Lash” ló máa ń kọ sí abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká sì túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ Fágúnwà sí èdè Òyìnbó ní 1968, Bruce Onobrakpeya ló ya àwòrán inú rẹ̀. Ọmọ Urhobo ni, òun ló sì fún àwọn iwin tiwa ní ojú àti ara. Ṣùgbọ́n kí o fi èyí kún un: ní gbogbo àkókò náà, olùkọ́ ni ní St. Gregory's College l'Ékòó. Èmi náà ń kọ́ ọmọ ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́, ti owó rèé. Ó ń wá, kì í wá lásìkò. Mo máa ń gba ìdajì kí n tó fọwọ́ kan iṣẹ́. Ìdajì tó kù, ẹnì kan jẹ́ mi ní tirẹ̀ fún oṣù mẹ́wàá, ìwé sì ti wà lọ́jà. Ohun tó burú ju gbèsè lọ ni ìwé àdéhùn téèyàn ò kà. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ sí ìwé kan tó ní gbogbo ẹ̀tọ́ lórí àwòrán náà ti di tiwọn. Lẹ́yìn ọdún méjì mo rí ọmọbìnrin tí mo yà lára èèpo ìwé míì, mi ò gba kọ́bọ̀. Òfin kọ́píráìtì tí wọ́n ṣe ní 2022 níbí dáàbò bo àwòrán títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó yà á, ó sì ní èèyàn gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó lè gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíì. Ìbuwọ́lùwé yẹn gan-an ni kí Tiwa máa ṣọ́. Kó yá wọn ní àwòrán náà lò fún ìwé, kó má tà á tán pátápátá.

Lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún ní ìlú Ọba, ó sàn díẹ̀. Àwọn ayàwòrán ní ẹgbẹ́ tiwọn, Association of Illustrators, láti 1973, wọ́n sì máa ń bá ọmọ ẹgbẹ́ yẹ ìwé àdéhùn wò. Tí ọmọdé bá sì yá ìwé ní láíbúrárì, wọ́n ń ṣírò owó díẹ̀ fún ẹni tó ya àwòrán inú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ẹni tó kọ ọ́. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ẹnì kan rò ó níbìkan pé a wà.

O bi mí nípa kọ̀ǹpútà tó ń ya àwòrán fúnra rẹ̀. Mi ò ní purọ́: ó ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Àwọn tó máa ń pè mí fún pósítà kò pè mọ́. Ẹnì kan mú ọ̀kan wá pé kí n bá òun tún un ṣe; onílù ló yà, kọ̀ǹgọ́ rẹ̀ gún gbọnrangandan bíi lẹ́ẹ̀dì, ọsán ìlù kò sì so mọ́ nǹkan kan. Ẹ̀rù ń bà mí nítorí àwọn ọmọ tí irú ìyẹn máa kọ́kọ́ dé ọwọ́ wọn, torí wọ́n á gbà á gbọ́.

Nítorí náà, má tíì bá ọmọ jà, má sì tíì sọ fún un pé ó dára. Nígbà tí o bá ń ṣa ẹ̀wà lọ́jọ́ Sátidé, kó jókòó tì ọ́, kó ya ọwọ́ rẹ méjèèjì. Kó má ya fọ́tò. Kó yà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kó sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, àti èyí tí kò dára. Tó bá dé ìkẹfà tí kò sú u, èmi fúnra mi ni n ó pe bàbá rẹ̀.

Àbúrò mi ń bọ̀ ní Manchester lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti ra kọ̀ǹgọ́ kan lọ́wọ́ onílù ẹ̀yìn Mápó yẹn, mo fi aṣọ wé e, wàá rí i láàárín àwọn ìwé. Ti Tiwa ni. Kó dì í mú kó tó yà á.

Kí bàálé rẹ fún mi. Elùbọ́ tí o ní kí n rà náà wà níbẹ̀.

Èmi ni,
Àṣàkẹ́ rẹ.