Ẹ kí oníkálukú lọ́jọ́ ọdún tirẹ̀

Sí Olóòtú,

Mo bẹ̀ yín kí ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín láti dá sí àríyànjiyàn kan tó máa ń gbérí ní gbogbo oṣù Kejìlá, ìyẹn ni irú ìkíni tó yẹ kí iléeṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ tàbí ìjọba fi ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn tí ẹ̀sìn wọn kò pa pọ̀. Àwọn kan ní ìkíni Kérésìmesì ni wọ́n bá nílẹ̀, àti pé ẹni tó bá yọ orúkọ ọdún náà kúrò nínú rẹ̀ ti tẹ́ ẹlẹ́sìn. Àwọn mìíràn ní ìkíni tó bá dárúkọ ẹ̀sìn kan ṣoṣo ti sọ àwọn yòókù di àlejò, nítorí náà wọ́n fara mọ́ "Season's Greetings" tàbí "Happy Holidays", tí kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kìrìsìtẹ́nì ni mí, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ kejì yìí ni mo wà tẹ́lẹ̀. Ohun tó mú mi kúrò níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, èmi ni wọ́n gbé káàdì ìkíni ìparí ọdún lé lọ́wọ́. Mo kọ "Kérésìmesì" sí i, mo pa á rẹ́, mo wá kọ "àsìkò aláyọ̀" dípò rẹ̀. Ìràwọ̀ kan wà lókè káàdì náà. Mo yọ òun náà kúrò nítorí pé ó rán èèyàn létí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù jù, mo sì fi ewé méjì dí àyè rẹ̀. Nígbà tó tẹ́ mi lọ́rùn, mo gbé e lọ bá ẹlẹgbẹ́ mi kan tó jẹ́ Mùsùlùmí, torí mo rò pé inú rẹ̀ yóò dùn. Ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó ní: "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí a túnu ààwẹ̀, ta ló kí mi níbí? Ẹ gba orúkọ ọdún lọ́wọ́ àwọn Kìrìsìtẹ́nì, ẹ ò sì fún èmi ní nǹkan kan." Mi ò rí èsì fún un.

Òótọ́ ló sọ. Kàlẹ́ńdà àwọn Mùsùlùmí fi nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 11 kúrú ju èyí tí iléeṣẹ́ ń lò lọ, ìdí nìyí tí ìtúnu ààwẹ̀ fi máa ń rìn láti oṣù kan bọ́ sí òmíràn. Ní ọdún 2000, ẹ̀ẹ̀mejì ló wáyé, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní àti ní ìparí oṣù Kejìlá, kété lẹ́yìn Kérésìmesì. Ẹni tó bá kí gbogbo ayé lásìkò yẹn lè sọ pé ìkíni òun kan Mùsùlùmí pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2025, ìparí oṣù Kẹta ni wọ́n túnu. Díwálì àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, oṣù Kẹwàá tàbí Kọkànlá ló sábà máa ń bọ́ sí. Hánúkà àwọn Júù nìkan ló máa ń súnmọ́ Kérésìmesì, débi pé ní ọdún 2024, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Kérésìmesì gan-an ni wọ́n tan fìtílà àkọ́kọ́ rẹ̀. Òun ni àwọn tó ń fi ìkíni gbogbogbòò yangàn sì máa ń tọ́ka sí. Àmọ́ ẹ bi Júù tó mọ ẹ̀sìn rẹ̀ dunjú, yóò sọ fún yín pé Hánúkà kò tó Rosh Hashanah, ọdún tuntun wọn, àti Yom Kippur, ọjọ́ ètùtù wọn, tí wọ́n máa ń bọ́ sí oṣù Kẹsàn-án tàbí Kẹwàá, nígbà tí ẹnikẹ́ni kì í rántí tẹ káàdì.

Ibi tí mo ń lọ nìyí, Olóòtú. Ìkíni tó ní òun wà fún gbogbo ẹ̀sìn, tó wá jẹ́ pé oṣù Kejìlá nìkan ló máa ń jáde, Kérésìmesì náà ni, wọ́n kàn da aṣọ bò ó lójú ni. Kò kí Mùsùlùmí, kò kí ẹlẹ́sìn Híńdù, kò sì kí Kìrìsìtẹ́nì dáadáa. (Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà "holiday" kò tilẹ̀ sá fún ẹ̀sìn: "ọjọ́ mímọ́" ni ìtumọ̀ rẹ̀ látilẹ̀.)

Kí àwọn tó ń gbèjà àṣà má rò pé mo ti gba tiwọn tán. Òfin kan wà ní Massachusetts, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọdún 1659 tó bu owó ìtanràn ṣílè 5 lé ẹni tó bá pa iṣẹ́ tì tàbí tó ṣe àsè nítorí Kérésìmesì, ó sì di ọdún 1681 kí wọ́n tó fagi lé e. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì paraku ló ṣe òfin yẹn. Títí di òní, àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà kì í ṣe ọdún náà, ọjọ́ 7 oṣù Kìíní sì ni ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ní Rọ́ṣíà àti Etiópíà ń ṣe tiwọn. Káàdì Kérésìmesì pàápàá, ọdún 1843 ni Henry Cole, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, mú kí wọ́n tẹ irú rẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n tà ní Lọ́ńdọ́nù. Àṣà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dàgbà tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Àṣẹ kò sì lè yanjú rẹ̀. Ní ọdún 2021, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kọ ìtọ́sọ́nà kan fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn pé kí wọ́n má máa rò pé Kìrìsìtẹ́nì ni gbogbo èèyàn, kí wọ́n sì máa sọ "àsìkò ìsinmi" níbi tí wọn ì bá ti dárúkọ Kérésìmesì. Ariwo sọ, wọ́n sì dá a padà nínú oṣù Kọkànlá ọdún náà. Èrò wọn kò burú. Ṣùgbọ́n wọ́n bí àwọn ọlọ́dún nínú láìjẹ́ pé àwọn ẹlẹ́sìn yòókù rí ohun kan gbà níbẹ̀.

Ní tèmi, ẹni tí mo bá mọ ẹ̀sìn rẹ̀, ọdún tirẹ̀ ni mo máa fi kí i. Èrò rẹpẹtẹ tí mi ò mọ̀, ìkíni gbogbogbòò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ẹni tó ń dá oníbàárà lóhùn láti àárọ̀ dalẹ́ kò sì lè máa bi oníkálukú ní ẹ̀sìn kó tó kí i. Bí ẹnìkan bá ṣèèṣì fi ọdún tí kì í ṣe tèmi kí mi, "ẹ ṣeun" ni èsì rẹ̀. Èdè wa tiẹ̀ ti ràn wá lọ́wọ́, nítorí "ẹ kú ọdún" kì í béèrè pé ọdún ta ni; ṣùgbọ́n ohun tó mú un dùn ún gbọ́ ni pé a máa ń sọ ọ́ nígbàkígbà tí ọdún ẹnikẹ́ni bá dé. Iléeṣẹ́ tó bá yan ìkíni tí kò dárúkọ ẹ̀sìn ni mo ń bá wí: kí wọ́n ṣí kàlẹ́ńdà, kí wọ́n fàmì sí ọjọ́ ọdún àwọn òṣìṣẹ́ àti oníbàárà wọn, kí ìkíni sì jáde lọ́jọ́ náà.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé èyí tí mo sọ, ìgbà mẹ́rin ni a fi káàdì ránṣẹ́. Ẹlẹgbẹ́ mi yẹn ló kọ ti ìtúnu ààwẹ̀. Nígbà tí mo gbé ti Kérésìmesì dé iwájú rẹ̀, ó wo ewé méjì tó wà lókè rẹ̀, ó sì ní kí n dá ìràwọ̀ náà padà sáyè rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín.