Bàámi, ọdún méjì mi dà?

Bàámi ọ̀wọ́n,

Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ní kíláàsì pé ìkíni la fi ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà: "Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ nípa tèmi, ọpẹ́ ni." Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí a sin yín, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bi ẹni tó wà níbẹ̀ bóyá àlàáfíà ló wà. Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ jẹ́ n bọ́ sórí ọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, àkọ́bí mi pé ọmọ ọdún 15. Ẹ̀yin lẹ gbé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ó ti ga jù mí lọ báyìí. Màámi wọkọ̀ láti Ìtòkú wá sílé wa l'Ọ́bántokò, wọ́n gbé èlùbọ́ làáfún dání, torí wọn ò gbà títí dòní pé èmi lè ra èyí tó funfun dáadáa. Àwọn fúnra wọn ló rò ó, wọ́n sì ja ewédú sí i. A jókòó yí tábìlì ká, ni ọmọ bá gbé fóònù jáde. Ó ní téèyàn bá ti tẹ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sínú rẹ̀, á sọ bóyá ọjọ́ Ajé ni wọ́n bí i tàbí ọjọ́ Ẹtì. Ti bàbá rẹ̀ bọ́ sí Ọjọ́rú. Nígbà tó kàn mí, mi ò tiẹ̀ ronú kí n tó dá a lóhùn: oṣù Karùn-ún, 1986.

"1986 kẹ̀?" Òkèlè dúró lọ́wọ́ Màámi. "Ta ló bí i ní 1986? Ọdún tí wọ́n pààrọ̀ owó ni mo bí ìyá rẹ."

Ẹ mọ̀ wọ́n tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yẹn. Oṣù Kẹrin 1984, ìjọba Buhari àti Ìdíàgbọ́n ti ẹnubodè pa, wọ́n ní kí oníkálùkù kó owó àtijọ́ rẹ̀ wá sí báńkì, kó gba èyí tí wọ́n yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Owó adìrẹ Màámi wà nínú ìkòkò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró, níbi tí wọ́n gbà pé olè kankan ò ní fẹ́ ki ọwọ́ bọ̀ nítorí òórùn. Tòun ti oyún oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi lọ tò sórí ìlà. Sójà kan ló ní kí wọ́n jẹ́ kí aláboyún yẹn bọ́ síwájú. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bí mi. Gbogbo owó inú ìkòkò náà ni wọ́n rí pààrọ̀, àfi náírà ogún kan tí omi aró ti bà jẹ́. Wọn ò tíì dárí ji náírà ogún yẹn.

Ọmọ gbọ́ ìtàn náà tán, ó rẹ́rìn-ín, ó wá wojú mi. "Mọ́mì, 1986 ló wà lórí NIN yín o. Mo rí i nígbà tí mo ń bá yín kún fọ́ọ̀mù."

Ọkọ mi wúkọ́. Ẹ̀yin gbọ́ ohun tí mo sọ, Bàámi. Mo ní, "Màmá ti ń darúgbó. Ọdún ti ń dàpọ̀ mọ́ wọn lójú."

Màámi wò mí. Obìnrin tó lè sọ iye tó ra gbogbo tẹ́rù aṣọ láti ọdún tí mo ti gbọ́njú. Wọ́n ti òkèlè náà bọ ẹnu, wọ́n gbé e mì, wọn ò sọ nǹkan kan. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ní àwọn fẹ́ máa lọ.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ronú kan ọjọ́ tí a jọ lọ sí kóòtù. Oṣù Keje 1999 ni. Ilé-ìwé ń fẹ́ ìwé tó fi ọjọ́ orí hàn, ẹ̀yin sì ti pinnu pé mo ti dàgbà jù fún kíláàsì tí mo wà, nítorí pé ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà l'óko Ọ̀dẹ̀dá ni mo gbé títí tí mo fi pẹ́ wọ ilé-ìwé. Ẹ ní iṣẹ́ ìjọba kì í dúró de ẹni tó ti gbó. A kò tilẹ̀ wọ inú kóòtù. Ọkùnrin kan jókòó sí ìta pẹ̀lú tapuráítà lábẹ́ agboòrùn, ó bi yín léèrè bí ẹni ń bèèrè kóńgò gàrí mélòó ni ẹ fẹ́ rà: "Ọdún wo ni ká kọ, Tíṣà?" Ẹ ní 1986. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó gbé e wọlé, kò pẹ́ tó fi gbé e jáde pẹ̀lú òǹtẹ̀ pupa, tí ìwé náà ń sọ pé ẹ̀yin, bàbá mi, ti búra pé ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ní àbùlà. Ẹ ra búrẹ́dì àti mínírà fún mi ní Kútò lójú ọ̀nà ilé. Mo rò pé ẹ̀bùn ni.

Oṣù yẹn náà ni ti Salisu Buhari ṣẹlẹ̀. Rédíò yín wà lórí fèrèsé, ẹ ń gbọ́ àlàyé ìwé ìròyìn bí ẹ ṣe máa ń ṣe kí ẹ tó gbéra lọ sí ilé-ìwé, èmi ń fọ abọ́ lẹ́yìn yín. Abẹnugan ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ni, ìjọba alágbádá kò tíì pé oṣù méjì. Ó ní 1963 ni wọ́n bí òun, àṣé 1970 ni. Òfin ìgbà náà ní kò sẹ́ni tó lè wọ ilé yẹn tí kò bá pé ọgbọ̀n ọdún, òun ò sì tíì pé e. Ó ní yunifásítì Toronto lóun ti gboyè, àwọn yẹn ní àwọn ò fún un ní oyè kankan. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ tú, ó fi omijé fipò sílẹ̀, ó ní ìtara láti sin orílẹ̀-èdè ló ṣi òun lọ́nà. Ẹ lu orí rédíò. "Òpùrọ́! Tó bá lè purọ́ ọjọ́ orí, kí ni kò lè pa irọ́ rẹ̀?"

Mo bi yín, tọṣẹtọṣẹ lọ́wọ́ mi: "Bàámi, ti èmi ńkọ́?"

Ẹ ní: "Ìyẹn yàtọ̀."

Ó kúkú yàtọ̀ lóòótọ́, òun fi kún tirẹ̀, ẹ̀yin yọ kúrò nínú tèmi.

Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé mo ń fi yín wé e. Ẹ ò gba owó ìjọba, ẹ ò jókòó sórí àga ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ ìtàn ìyá yín fún wa nígbàkigbà tí olóṣèlú kan bá ṣe ìṣekúṣe. Bí wọ́n ṣe dá ṣọ́ọ̀bù wọn pa dé, tí wọ́n tẹ̀ lé Béèrè, ìyáàfin Ransome-Kuti, lọ sí ààfin ní Aké, tí ọ̀pọ̀ obìnrin Ẹ̀gbá sùn síbẹ̀, tí wọ́n ń kọrin èébú nítorí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin. Aláké Adémọ́lá Kejì filé sílẹ̀, ó sì sọ adé kalẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní 1949. Lóòótọ́, wọ́n dá a padà ní ìparí 1950, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ lẹ máa ń parí ìtàn yín sí. Níbi tí orin ti dùn jù lẹ máa ń dúró, ẹ ó wá na ìka sí wa: "Ẹ̀jẹ̀ tó lé ọba ló wà lára yín." Inú wa á dùn. Kò sí èyíkéyìí nínú wa tó béèrè pé ta ni yóò wá kọrin sẹ́nu ọ̀nà tiwa.

Owó ìtanràn 2,000 náírà ni Salisu Buhari san. Ọbásanjọ́, ọmọ Ẹ̀gbá tiwa, fún un ní àforíjì ní ọdún 2000. Nígbà tó di 2013, wọ́n fi ọkùnrin tó fi yunifásítì purọ́ yìí sínú ìgbìmọ̀ tó ń darí yunifásítì Nsukka. Mo ka ìròyìn yẹn fún yín lórí àga yín, ẹ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé yín. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú yín. A kò sọ̀rọ̀ ìwé pupa wa.

Ti Kẹ́mi Adéòṣun kò ṣojú yín. Ẹ mọ̀ ọ́n. Òun ni kọmíṣọ́nà ètò ìṣúná fún ìpínlẹ̀ wa níbí láti 2011 sí 2015, kó tó di mínísítà. Ní 2018, ìwé tó sọ pé kò nílò láti ṣe àgùnbánirọ̀ já sí ayédèrú, ó sì kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ó ní àwọn tí òun fọkàn tán ló bá òun gbà á, òun ò mọ̀ pé kì í ṣe ojúlówó. Gbogbo ibi iṣẹ́ wa ló fi ṣe ẹlẹ́yà: "Ta ló ń rán èèyàn lọ gba irú ìwé bẹ́ẹ̀?" Èmi nìkan ni mi ò lè la ẹnu, torí ọkùnrin abẹ́ agboòrùn ló wá sí mi lọ́kàn. Ní 2021, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ábújà wá sọ pé kò tiẹ̀ sí ọ̀ranyàn fún un láti ṣe àgùnbánirọ̀ rárá. Nígbà yẹn, àwọn tó ń fi ṣe ẹlẹ́yà ti rí ẹlòmíràn.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí nira fún mi ni pé irọ́ yín bọ́ wa. Ní 2011 tí ilé-ìfowópamọ́ kan ń gba èèyàn síṣẹ́, wọ́n ní ẹni tó bá ti lé ní 26 kó má wulẹ̀ kọ̀wé wá. 27 ni mí. Lórí ìwé, 25. Owó oṣù yẹn la fi ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín fún ọdún márùn-ún. Òun la fi tún òrùlé Màámi kàn. Bí áńgẹ́lì bá wá bi mí lónìí pé ṣé kí òun dá ọdún méjì mi padà, kí òun sì mú iṣẹ́ náà lọ, mi ò mọ èsì tí n óò fún un. Níbi iṣẹ́, 1986 ni mo ṣì jẹ́. Mi ò tíì mọ ohun tí n óò ṣe sí i.

Báyìí, ẹ gbọ́ ìdí tí mo fi ń kọ̀wé. Ní 2024, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní ọmọ tí kò bá pé 18 kò ní wọ yunifásítì mọ́. Ẹni tó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ fagi lé e, ó wá kù sí 16. Ọmọ-ọmọ yín fẹ́ ṣe JAMB, ṣùgbọ́n kò ní tíì pé 16 nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń kó ẹrù lọ sí yunifásítì. Díẹ̀ báyìí ló máa kù ú kù. Wọ́n ní ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ bá pé kọjá ààlà lè kọjá. Tiwa pé, àmọ́ orí fóònù ló pọ̀ jù sí. Ni ọkọ mi bá ní ká lọ sí kóòtù ká fi ọdún kan kún un. Ó ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Àárọ̀ ọ̀la la dá.

Lálẹ́ àná, ìròyìn gómìnà kan tó kó owó pamọ́ ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n, ọkọ mi ń ṣépè fún un. Mo ní, "Ti kóòtù ọ̀la yìí ńkọ́?" Kò tilẹ̀ yíjú. "Ìyẹn yàtọ̀," ló wí.

Bàámi, ohùn yín ni mo gbọ́.

Mo ti sọ fún un ní alẹ́ yìí pé n kò lọ. Ó bínú, ó ní mo fẹ́ fi ọmọ ṣòfò ọdún kan nítorí ọ̀rọ̀ orí rédíò. Ọmọ gbọ́ wa, ó ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ mọ́rí, ó ní gbogbo ọ̀rẹ́ òun ló ti tún tiwọn ṣe, àti pé èmi náà ṣe é, èwo wá ni ti ìwà mímọ́. Ẹ ò rí i pé ó ti mọ̀. Mi ò rí èsì fún un. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn títí ẹsẹ̀ fi ń dùn mí.

Lẹ́yìn náà mo pe Màámi. Mo ní, "Màámi, ẹ má bínú. Ọdún tí wọ́n pààrọ̀ owó ni." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní ṣé mo rò pé àwọn ò mọ ọdún tí àwọn bímọ àwọn ni. Wọ́n wá bi mí bóyá làáfún yẹn ṣì kù, àti pé ṣé mo ti jẹun.

Èmi ni,
Àbẹ̀kẹ́ yín.