Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Ẹ̀kọ́ Nọ́ọ̀sì Tó Ń Tọ́jú Aláìsàn Orí Ẹ̀rọ Amúnimí

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́ àti Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹ̀yin Alága wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Àwa ẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì tí à ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le jù ní ìlú yìí ń bẹ̀ yín, ẹ bá wa rán nọ́ọ̀sì lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ amúnimí dójú àmì. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀rọ á ké, ṣùgbọ́n ó lè má sọ bóyá kẹ́lẹ̀bẹ̀ ló dí rọ́bà tí atẹ́gùn ń gbà wọ ọ̀nà ọ̀fun aláìsàn ni, tàbí rọ́bà ló yọ. Nọ́ọ̀sì ló gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀.

Lóru ọjọ́ kan, iná lọ, ẹ̀rọ dákẹ́. Ọmọ wa kan tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ gbá báàgì Ambu mú, èyí tí à ń fọwọ́ tẹ̀, ó ń fi í fẹ́ atẹ́gùn sínú bàbá kan. Jìnnìjìnnì ti mú un, ó ń tẹ̀ ẹ́ wàrà-wàrà bí ẹni ń fẹ́ ẹwìrì. Atẹ́gùn ń wọlé, kò ráyè jáde. Àyà bàbá wú, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀. Àgbà nọ́ọ̀sì kan ló di ọwọ́ ọmọ náà mú: "Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ka ení títí dé àrún. Ó yá, tún tẹ̀ ẹ́." Bàbá yè é. Àgbà yẹn ò ní pẹ́ fẹ̀yìntì. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mìíràn ti lọ sílùú òyìnbó, a ò sì lè bá wọn wí.

Tí rọ́bà bá ti wà lọ́nà ọ̀fun ju wákàtí 48 lọ, òtútù àyà lè tibẹ̀ wọlé. Ohun tí a fi ń dènà rẹ̀ kò wọ́n: kí orí bẹ́ẹ̀dì ga tó dígírì 30 sí 45, kí a máa fọ ẹnu aláìsàn. Bí a bá ń fa kẹ́lẹ̀bẹ̀, kó má ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ lẹ́ẹ̀kan. Kí a sì máa bá a sọ̀rọ̀, nítorí ó lè máa gbọ́ wa. Rọ́bà ni kò jẹ́ kó fèsì.

Ẹ bá wa san owó ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì méjì-méjì láti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún. Kí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé pé wọn ó padà wálé wá kọ́ àwọn yòókù, títí kan àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé yín, torí ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ń kọ́kọ́ sáré gbé ẹlòmíì lọ bí ìjàǹbá ọkọ̀ bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́.

Ọjọ́ tí ẹ bá pè wá, a ó wá. A ó mú báàgì náà dání, kí ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́ wò.

Àwa ni tiyín,
Àwọn nọ́ọ̀sì ìtọ́jú àìsàn líle, Ògbómọ̀ṣọ́.