Àjàní, Mo Ti Rí Ọ̀gá

Hamilton, Ontario,
Kánádà.
Ọjọ́ 14, Oṣù Kẹwàá, 2025.

Àjàní ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Má bínú pé o kò gbúròó mi láti bí oṣù mẹ́fà. Mi ò fẹ́ kọ̀wé tí kò ní ìròyìn gidi nínú ni. Ó ti wá wà báyìí: mo ti rí ọ̀gá.

Mo mọ̀ pé wàá rẹ́rìn-ín. Èmi tí a jọ ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù ní Mọ́kọ́lá, èmi tí mo ti fa wáyà sí ilé tí mi ò lè ka iye rẹ̀ mọ́, ni mo tún padà di ọmọ iṣẹ́. Ní Ontario níbí, o kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ wáyà jẹun bí orúkọ rẹ kò bá sí lọ́wọ́ ìjọba. Wákàtí 9,000 ni wọ́n ń kà fún un: 8,280 lẹ́nu iṣẹ́, 720 ní kíláàsì. Ó máa ń tó bí ọdún márùn-ún. Ìdánwò ló kẹ́yìn, 70 nínú 100 lo sì gbọ́dọ̀ gbà.

Wákàtí yẹn kọ́ ló le o. Ọ̀gá ló le. Nílé, ìyá mi ló mú mi lọ bá ọ̀gá wa, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n san owó ìkọ́ṣẹ́, ọ̀rọ̀ parí. Níbí, ọ̀gá ló ń sanwó fún ọmọ iṣẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó dùn létí, àbí? Òun gan-an ló jẹ́ kí wọ́n máa fà sẹ́yìn. Òfin tún ní oníṣẹ́ kan tó ti gbàwé, ọmọ iṣẹ́ kan. Ilé iṣẹ́ tó ní oníṣẹ́ mẹ́ta kò lè gba ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin. Bí o kò bá sì ní ọ̀gá, ìjọba ò ní forúkọ rẹ sílẹ̀, bí wọn ò bá forúkọ rẹ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa pè ọ́ sí kíláàsì wákàtí 720 yẹn. Èmi ti rò pé ilé ẹ̀kọ́ ni mo máa kọ́kọ́ lọ!

Mo kọ ímeèlì títí ọwọ́ fi ń ro mí. Ẹni méjì ló fèsì, àwọn méjèèjì ní kò sí àyè. Ni mo bá gba ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta wáyà lọ, aago mẹ́fà àárọ̀, nínú òtútù, mo ń bá àwọn tó wá rajà sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ wọn.

Ọ̀kan nínú wọn gbà mí síṣẹ́. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ru páìpù, tí mo gbẹ́ kòtò, tí mo gbálẹ̀. Bí mo bá ní kó fọwọ́ sí ìwé ìkọ́ṣẹ́ mi, á ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wákàtí kan ṣoṣo kò wọ ìwé fún mi níbẹ̀. Mo fi í sílẹ̀, mo padà sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

Ibẹ̀ ni mo ti pàdé bàbá ará Pọ́túgà kan. Wọ́n na wáyà dúdú sí mi, wọ́n ní kí lèyí. Àjàní, ó kù díẹ̀! Ṣé o rántí orin tí ọ̀gá fi kọ́ wa: pupa láífù, dúdú nútírà? Dúdú gan-an ni láífù tí iná ń gbà wá níbí, funfun ni nútírà tó ń gbà padà. Mo gbé ọwọ́ mi sẹ́yìn, mo ní láífù ni. Wọ́n rí i pé mo là á já. Wọ́n wá béèrè láísẹ́ǹsì mọ́tò àti ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ṣíṣe lórí ibi gíga, ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan péré tí mo ti ṣe sílẹ̀. Kí n tó gbé irinṣẹ́ kankan, mo bi wọ́n pé ọjọ́ wo ni wọ́n máa fọwọ́ sí ìwé mi. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi fọwọ́ sí i. Sọ fún àbúrò rẹ tó ń múra àtibọ̀: ìbéèrè yẹn ni kó kọ́kọ́ bi ọ̀gá yòówù tó bá rí.

Mo fẹ́ rán ọ níṣẹ́ kan. Àjọ tó ń jẹ́ Skilled Trades Ontario lè yẹ iṣẹ́ tí èèyàn ti ṣe nílé wò, kí wọ́n sì jẹ́ kó lọ ṣe ìdánwò láì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, bí ó bá ní ìwé tó fi iṣẹ́ náà hàn. Àwòrán fíríìdọ̀ọ̀mù wa, pẹ̀lú ankárá tí a fi ṣe ẹgbẹ́jọdá, kò lè ṣe é. Jọ̀ọ́, lọ bá ọ̀gá wa. Mú ẹmu dání, o mọ̀ wọ́n. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé: ọdún tí mo lò lọ́dọ̀ wọn, irú iṣẹ́ tí mo ṣe, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà fóònù wọn sí i. Bí wọ́n bá ní àwọn ò mọ̀wé kọ, ìwọ ni kó o bá wọn kọ ọ́.

Bá mi kí Màmá.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àkànní.